Àwo Tó Mọ́ Jù

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni mo fi bá bakitéríà jà, bakitéríà ló sì ń borí. Ẹ má rò pé àìsàn ló ṣe mí o. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì nílé kí n tó wá máa gbé ní Peckham, ní London, síbẹ̀ mo tún lọ forúkọ sílẹ̀ fún másítàsì ní yunifásítì kan tí bọ́ọ̀sì ń gbé mi lọ láràárọ̀. Másítàsì kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, mo ṣe é dé ìdajì ni físà jáde, mo sì pa á tì bí ẹni tó fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì torí pé ọkọ̀ ti dé. Mo ti pinnu pé tibí yìí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ láàbù kò bá yọrí kí oṣù tó parí, kò sí ohun tí mo máa rí kọ sínú ìwé àṣekágbá, bí kò bá sì sí ìwé àṣekágbá, kò sí másítàsì. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò lè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi bi mí títí pé kí ni mò ń wá gan-an nínú kòkòrò tí ojú kò rí. Ohun tí mo sọ fún un ni màá sọ fún ẹ̀yin náà. Bakitéríà kan ṣoṣo dà bí yàrá tí kò ní fèrèsé. Bóyá oúnjẹ wà níta, bóyá ebi ń bọ̀, bóyá ara rẹ̀ ti kan ògiri kan tó ṣeé jókòó sí, kò lè yọjú wò ó. Ìròyìn ló máa wá kan ilẹ̀kùn. Ìránṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró, kì í wọlé. Purotéènì kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, tó fi ẹsẹ̀ kan síta tó fi ẹsẹ̀ kan sínú, òun ló máa gba ọ̀rọ̀ náà. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n á pèsè ìránṣẹ́ kejì nínú ilé, ohun kékeré báyìí, tí yóò tàn káàkiri inú yàrá náà tí yóò sì máa sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé, ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe tọ̀hún.

Oríṣiríṣi wọn ló wà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ebi ni tirẹ̀: bí ṣúgà tí bakitéríà fẹ́ràn jù bá ti tán, òun ló máa ní kí wọ́n wá oúnjẹ mìíràn ṣí. Èyí tí mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, c-di-GMP ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ọ̀rọ̀ ìjókòó ni tirẹ̀. Bó bá pọ̀ nínú bakitéríà, bakitéríà náà á jáwọ́ nínú wíwẹ̀ káàkiri, á lẹ̀ mọ́ ibi tó bá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa da ohun yíyọ̀ kan bo ara wọn. Ẹ ti fọwọ́ kàn án rí. Òun ló máa ń wà nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù tí ẹ ń kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí. Bí ìránṣẹ́ náà bá sì dín kù, wọ́n á gbéra, wọ́n á máa wẹ̀ lọ.

Oríṣi méjì ni wọ́n kó fún mi, kò sí èyí tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá nínú wọn. Ọ̀kan pé pérépéré. Ìkejì, wọ́n ti yọ ọ̀kan lára àwọn tó ń pèsè ìránṣẹ́ náà kúrò nínú rẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé èyí tó pé á lẹ̀ mọ́ ike, èyí tí wọ́n yọ nǹkan lára rẹ̀ kò ní lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A ó dà wọ́n sínú àwo ike kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó da omi inú rẹ̀ nù, a ó ṣàn án, a ó wá da aró elése àlùkò sí i. Ibi tí bakitéríà bá ti jókòó, aró á mú un. A ó tún ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ihò tí kò bá sí ẹni tó jókòó níbẹ̀, á mọ́ gaara.

Gaara ni tèmi ń mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, gaara. Ìgbà kejì, gaara. Èyí tí wọ́n yọ nǹkan lára rẹ̀, ó mọ́. Èyí tó pé, tó yẹ kó lẹ̀ bí ọ̀dà, òun náà mọ́. Mo bínú sí ike. Mo bínú sí àpótí olóoru tí à ń kó wọn sí, mo ní ooru rẹ̀ ò pé. Mo bínú sí omi London tó máa ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù. Ọjọ́ tí mo dárúkọ omi yẹn, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mi la ẹnu, ó wò mí, ó tún pa á dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ Peckham ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti di ọ̀mọ̀wé. Àkọ́bí mi fi ọdún méjì jù ú lọ. Ìyá rẹ̀ àti ìyàwó mi jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kí a tó kó àga sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé láàbù, orúkọ mi gan-an ló fi kí mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ilé yẹn, torí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà wọn náà, orúkọ ni wọ́n ń pè é. Mo bá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Dókítà, èmi àti Mọ́mì ẹ jọ ń kọrin ní ìlà kan náà. Ta lò ń pe orúkọ mọ́ lórí?” Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Ojú ti ọmọ náà, ó tẹ orúnkún kan wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù funfun láàbù lọ́rùn rẹ̀, àwọn òyìnbó tó kù ń wò. Láti ọjọ́ yẹn, Uncle ni mo ń jẹ́, “ẹ” ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀, n kò ní purọ́.

Ó wá ku bí mo ṣe ń ṣan àwo. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwo tí a bá fọ̀ nílé wa kò tíì mọ́ àfi tí ìyá mi bá fi àtàǹpàkò fà á tó sì dún. Bí kò bá dún, a ó padà sídìí omi. Ohun tí mo bá dàgbà nìyẹn, òun náà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé mi fún ogún ọdún. Ìwé ìlànà tí wọ́n fún mi ní láàbù ní kí n rọra ri àwo náà sínú abọ́ omi lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí i. Mo kà á. Mo sì sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tí kì í fọ abọ́ nílé ló kọ ọ́. Abẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo ń gbé tèmi sí, màá ṣí i débi tó lè ṣí dé, ẹ̀ẹ̀mẹta, màá gbọ̀n ọ́n nù, màá wá dojú rẹ̀ dé orí tíṣù, màá gbá a mọ́lẹ̀, gbá, gbá, gbá. Àwọn bakitéríà tó ti fi odidi ọjọ́ kan jókòó, tí wọ́n ti kọ́lé, ni mò ń fi ìkún omi gbá lọ.

Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí. Èmi kò mọ̀. Dókítà mọ̀.

Ó gbìyànjú, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àwo tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé abọ́ omi kalẹ̀, ó ń rì í wọlé, ó ń gbé e jáde, díẹ̀díẹ̀, ó ń wojú mi. Mo bi í bóyá ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ló ń wẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú ọmọ, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo bá a gbọ̀n ọ́n, mo bá a gbá a, mo dá a padà fún un. Ó ní, “Ẹ ṣé, Uncle.” Nígbà tí tirẹ̀ náà mọ́ gaara, èmi ni mo ń tù ú nínú, mo ní ṣé o rí i báyìí pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Tí mo bá rántí ìyẹn nínú bọ́ọ̀sì, ojú máa ń tì mí débi pé màá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fèrèsé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹrin fi máa wọlé, mo ti di ẹni tí wọn ò lè bá sọ̀rọ̀ nílé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi, màá wò ó bíi pé òun náà fẹ́ pòórá mọ́ mi lójú. Ìyàwó mi á béèrè pé báwo ni láàbù, màá ní kó fi láàbù sílẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni gbogbo rẹ̀ tú. Ìsìn ti parí, a ń jáde, ìyá Dókítà wá kí mi, wọ́n tẹríba díẹ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ ní, “Sà, ṣé iṣẹ́ yín ti wá ń lọ dáadáa, látìgbà tí ẹ ti fi ẹ̀rọ omi yẹn sílẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀rọ omi wo, Mọ́mì?”

Wọ́n wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wá kọ́kọ́rọ́ ilé nínú báàgì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyá náà ní kí n má bínú, àwọn rò pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ mi tipẹ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló sunkún wá bá àwọn pé Uncle ń ṣan iṣẹ́ ara wọn dànù lójoojúmọ́, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ lójú wọn, kí àwọn jọ̀ọ́ bá òun wá ẹni tó máa sọ ọ́. Àwọn náà rò ó pé kò bójú mu kí àwọn pe ọkọ ọlọ́kọ láti kọ́ ọ ní àwo ṣíṣàn. Ni wọ́n bá sọ fún ìyàwó mi.

A gba Rye Lane lọ sílé. Èrò pọ̀ lójú ọ̀nà, mi ò lè pariwo, ó sì yẹ kí n pariwo.

“Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún ẹ?”

“Ọ̀sẹ̀ kejì.”

“Ọ̀sẹ̀ kẹrin la wà yìí.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lò ń dúró dè?”

“Mò ń dúró kí inú yín dùn díẹ̀ ni,” ló wí. “Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ojú bíi ti ẹni tí wọ́n gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣé ojú yẹn ni màá wá wò, kí n ní ọmọ tẹ́ ẹ lè bí sọ pé ẹ ò mọ àwo ṣàn?”

“Ohun tí inú mi ò fi dùn ló wà lẹ́nu ẹ.”

“Ìgbà tí mi ò mọ̀ pé òun ni ńkọ́? Mo rò pé omi lásán ni.”

Mo dúró níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan. Ẹ bá mi wò ó. Inú mi ò dùn torí àwo ń mọ́. Àwo ń mọ́ torí wọn ò sọ fún mi. Wọn ò sọ fún mi torí inú mi ò dùn. Ènìyàn mẹ́ta ló mọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi, gbogbo wọn ló ń bọ̀wọ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ náà sì kú sí ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ bakitéríà tí kò ní orí tí kò ní ọrùn, bí ìròyìn bá ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ báyìí, ìránṣẹ́ ti wà nínú ilé. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ṣé ara bakitéríà yá lónìí, ṣé kí a dúró kó jẹun tán. Mo rìn débi tí a ti ń yà sí àdúgbò wa kí n tó rí i pé èmi tí mo bínú yìí ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn náà pa, lọ́jọ́ tí mo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kúnlẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Rírí tí mo rí i kò dín ìbínú náà kù. Ó tún bù sí i ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Dókítà ti ń dúró dè mí nídìí tábìlì iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ti pè é. Ó ní, “Uncle, I'm so sorry. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín.”

Mo bi í bóyá lóòótọ́ ló ti rí i láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó ní láti ọjọ́ kìíní. Mo ní bí ọmọ ogún ọdún bá ń ṣe ohun tí mo ń ṣe yẹn, báwo ni ì bá ṣe pẹ́ tó kí Dókítà tó sọ̀rọ̀?

Ó ní, “Ǹ bá ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.”

Kò sí bí mo ṣe lè bá a jà lórí ìyẹn. A ṣírò ọjọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni àkókò tí wọ́n fún mi nídìí tábìlì yẹn máa parí, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn máa gbà á. Ìdánwò kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ọjọ́ mẹ́ta ló ń gbà, ó sì yẹ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè gbà mí gbọ́. Kò lè tó. Àfi kí a kọ fọ́ọ̀mù láti tọrọ àsìkò sí i.

Fọ́ọ̀mù náà ní àpótí kan tó ń béèrè ohun tó fa ìdádúró. Dókítà ti tẹ nǹkan síbẹ̀ kí n tó jókòó: technical difficulties. Mo ní kó pa á rẹ́. Mo ní ìṣòro wo ni ẹ̀rọ ní? Ẹ̀rọ omi gan-an ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó, mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ pé mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣan àwọn àwo mi lọ́nà tó lòdì sí ìwé ìlànà tó wà lọ́wọ́ mi, torí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n jù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí láti kọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún burú sí i.

Àpótí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ tèmi, fún ẹni tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ ọ́ pé òun rí àṣìṣe náà lọ́jọ́ kìíní, òun kò sì sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìlà kan péré. Kò tíì pé ọdún kan tó gba iṣẹ́ yẹn. Mo sọ fún un pé kó yọ ọ́ kúrò, tèmi nìkan tó, àwọn tó máa kà á kò mọ ilé tí a ti tọ́ ọ, wọ́n á kàn sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo fi ohùn bàbá sọ ọ́, ohùn tí àwọn ọmọ mi kì í bá jà.

Ó ní, “Rárá, Uncle. Mi ò ní yọ ọ́.”

Mo wò ó. Kò gbé ojú sílẹ̀. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí fọ́ọ̀mù lọ, ó lọ. Inú bí mi gan-an fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, mo dìde lọ bu omi sínú abọ́.

Wọ́n dá wa lóhùn ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n pè é lọ sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì kan, kò sọ ohun tí wọ́n bá a sọ fún mi, mo sì mọ ìdí tí mi ò fi gbọ́dọ̀ béèrè. Àárọ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi kún un fún mi, kò sì sí àárọ̀ keje. Pẹ̀lú èyí tí a ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, a lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́. Ọ̀kan bàjẹ́. Àpótí olóoru tí mo ti fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀ wá kú lóòótọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ sì tutù.

Ṣùgbọ́n mo rí méjì. Lọ́jọ́ tí mo ṣan ti àkọ́kọ́, Dókítà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rì í lẹ́ẹ̀kan, mo rì í lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi sì gbé ara rẹ̀ sókè fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, “Ó tó.” Kò fi Uncle sí i. Mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tí aró ti wọ̀ ọ́ tí a sì ti ṣàn án, òrùka elése àlùkò wà nínú ihò bakitéríà tó pé, ó dúdú, ó nípọn. Nínú ihò ti èkejì, ó rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ẹnìkan fi omi la wáìnì. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá láti oṣù kan wà níbẹ̀, kò ju ihò imú èkúté lọ.

Mo kọ ìwé àṣekágbá náà. Ní ojú ewé tí àbájáde wà, Dókítà ní kí n sọ ọ́ lọ́nà tí kò ní hàn jù. Mo kọ ọ́ gbangba pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ. Àwọn tó kà á yọ máàkì kúrò nítorí rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ dáadáa. Máàkì mi fi díẹ̀ ju èyí tí wọ́n á fi dá mi padà lọ. Wọ́n fún mi ní másítàsì náà, ìyàwó mi fẹ́ gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri pálọ̀, mo ní kó ṣì dúró ná, kí n kọ́kọ́ parí bíbínú.